Fọ́tò Ìbejì Tí Mo Fà Kalẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ọlọ́runnísọ̀lá onífọ́tò jẹ́, kó bi àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ èmi Káyọ̀dé àti òun níṣẹ́, ọjọ́ kan náà la sì gba fírídọ́ọ̀mù. Èmi ò lè pa ẹnu mi mọ́, inú mi sì tètè ń ru. Òun ní tirẹ̀, bó o bá bú u, ẹ̀rín ni yóò rín. Bó bá ya ìyàwó tuntun tí fọ́tò ò dáa, á tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́, á sì tún máa bẹ̀bẹ̀. Irú wọn ò pọ̀ mọ́.

Ìbejì obìnrin ni ìyàwó rẹ̀ bí fún un. Lọ́dún 1988, tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, ibà mú Kẹ́hìndé lọ́jọ́ Ajé. Ó di Ọjọ́bọ̀, ọmọ ti lọ.

Ìyá Ọlọ́runnísọ̀lá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá a dùbúlẹ̀, apá kan ara rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ohun tó lè dà á lọ́kàn rú létí rẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ sọ ikú ọmọ-ọmọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Wọ́n pa á mọ́. Ṣùgbọ́n màmá ń ránṣẹ́ ṣáá pé kí wọ́n kó ìbejì òun wá. Wọ́n ní ilé-ìwé ò gbà wọ́n láyè. Ó ní kí wọ́n kúkú fi fọ́tò wọn ránṣẹ́.

Ohun tí gbogbo onífọ́tò ìgbà yẹn mọ̀ ọ́n ṣe fún ìbejì tí ọ̀kan ò sí mọ́ ni Ọlọ́runnísọ̀lá ṣe. Ó gbé Táyé jókòó sápá ọ̀tún ẹní, ó yà á. Ó ní kó bọ́ sápá òsì, ó tún yà á. Ó wọ yàrá òkùnkùn, ó tẹ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo. Èmi ni mo dúró tì í. Bí ojú àwọn ọmọ náà ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi ló ń sunkún. Mi ò rí fọ́tò tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀dà méjì ló tẹ̀: ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí màmá, èmi bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ìkejì kí n máa wò ó.

Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ onífọ́tò Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń yan fọ́tò tí yóò wọ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. O ò gbọdọ̀ fa fọ́tò ara rẹ kalẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò fà á fún ọ, ó sì gbọ́dọ̀ ti bi ọ́ kó o ti gbà. Ẹni tó bá ní fọ́tò kan ò dáa, kó sọ ohun tó rí, kó má bú ẹni tó yà á. Èmi gan-an ni mo máa ń jágbe mọ́ àwọn tó bá rú òfin yìí.

Ọlọ́runnísọ̀lá ò wá sípàdé oṣù Ọ̀wàrà. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lẹ́gbẹ́, fọ́tò rẹ̀ kankan ò wọ kàlẹ́ńdà rí. Mo ní kí n ṣe é lóore. Mo fa fọ́tò ìbejì kalẹ̀.

Alàgbà Joseph, alága wa, bi mí pé, "Ṣé ẹni tó ni ín mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀ sí i, sà." Irọ́ gbuu.

Mùnírù dìde. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí ti màmá. Ó ní, "Fọ́tò yìí mọ́ o, ṣùgbọ́n kí ló wà níbẹ̀? Ọmọ méjì jókòó sórí ẹní. Irú ẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù mi."

Ohun tó rí ló sọ, kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Mo pariwo: "Ọmọ méjì kẹ̀! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó níbẹ̀! Kẹ́hìndé ti kú láti oṣù kẹfà!"

Mùnírù ṣí fìlà. "Háà! Mi ò mọ̀ o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." Wọ́n dìbò, fọ́tò náà wọlé. Inú mi dùn débi pé mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ilé. Òmùgọ̀ lèmi! Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kó bọ́. Mi ò tilẹ̀ rántí màmá.

Mùnírù lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọmọlúàbí kì í gbọ́ ọ̀fọ̀ aládùúgbò kó má lọ kí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó ra búrẹ́dì, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá lẹ́bàá ibùsùn.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ, màmá. Ọlọ́run yóò dá èyí tó kù sí."

Màmá ní, "Ọmọ ta ni?"

Ó rò pé etí màmá ni ò gbọ́ dáadáa. Ó tọ́ka sí fọ́tò tó wà lára ògiri. "Kẹ́hìndé, mà."

Màmá ní kí wọ́n lọ pe Ọlọ́runnísọ̀lá wá láti Ọ̀yọ́. Nígbà tó dé, màmá bi í pé, "Àràárọ̀ ni mò ń wo fọ́tò yẹn, tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé àwọn méjèèjì ni yóò sin mí. O sì ń jẹ́ kí n máa ṣe é?" Màmá kọ oúnjẹ, ó kọ oògùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀rẹ́ mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ó gbé mi dìde. Ó ní, "Káyọ̀dé, ó ti tán." Kò jà, kò fẹjọ́ mi sun ẹgbẹ́. Títí dòní, ó ń kí mi, ó ń béèrè aya àti ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó tó dá mi lóhùn, á ti da gbogbo fọ́tò tó wà lórí tábìlì dojú bolẹ̀.