Ilé-Ìwé Tí Àgbẹ̀ Ń Tọ́jú Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo wọ lọ́rí kúrò ní Ponyan, ìlú wa nílẹ̀ Okun. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà, tíṣà ìjọ sì ni mí. Ìjọ ló rán mi lọ wo bí wọ́n ṣe ń tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní Fọ́ráríbẹ́ẹ̀gì, ìpínlẹ̀ kékeré kan ní ilẹ̀ Ọ́sítríà tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì. Ìdààmú kan ni mo gbé sọ́kàn lọ: bí ìgbà ebè bá ti dé, àwọn òbí a kó ọmọ wọn lọ sóko, kíláàsì a sì ṣófo. Alábòójútó ẹ̀kọ́ ti kìlọ̀ pé bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun yóò ti ilé-ìwé wa pa.

Lọ́rí gbé wa dé Ìlọrin, eruku sì bò wá débi pé mi ò dá ara mi mọ̀ mọ́. Rélùwéè gbé mi dé Èkó, ó wá ku ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ́ kí n má sọ púpọ̀ nípa òkun: gbogbo ẹ̀bà tí mo jẹ ní Èkó ni mo dá padà fún un.

Nígbà tí mo rí òkè wọn, mo lanu, mi ò lè pa á dé. Òkè tiwa níhìn-ín, ọmọdé lè gùn ún kó sì sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun ọ̀sán. Tiwọn wọ inú ìkùukùu lọ. Ohun tó tù mí lára ni pé kò sẹ́ni tó ń kọjá láì kíni. "Grüss Gott," ni wọ́n ń wí, ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run kí ọ. Èmi náà a kí wọn bí a ṣe ń kíni nílé, "Okun o!" Wọ́n fún mi ní burẹ́dì dúdú àti wàrà kan tó le bí ọṣẹ. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Yósẹ́fù ló gbà mí lálejò, tíṣà bíi tèmi tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó mú mi lọ wo ilé-ìwé rẹ̀. Àgádágodo ńlá ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n ti tì í pa. Mo ṣí fìlà, mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Ta ló kú?"

"Ilé-ìwé yín ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó wá nawọ́ sókè, níbi tí màlúù àti ọmọdé ti kéré bí èèrà. "Kíláàsì mi nìyẹn." Alpe ni wọ́n ń pe ibẹ̀, pápá orí òkè tí wọ́n ń da ẹran lọ nígbà ooru. Bí òtútù bá dé, ẹran á sọ̀ kalẹ̀, ilé-ìwé á ṣí. Nínú ètò tuntun wọn, àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé-ìwé kékeré pàápàá ń padà wá nígbà òtútù láti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Iṣẹ́ oko, nínú kíláàsì! Ẹnu yà mí ju bí òkè wọn ti yà mí lẹ́nu lọ.

"Bí wọn ò bá padà wá ńkọ́?"

"Àgbẹ̀ kan ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́," ó ní. "Òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn. Ojú á tì í láti ṣí òfìfo."

Nígbà tí mo padà dé, mo sọ fún alábòójútó pé kí ó jẹ́ kí ilé-ìwé wa máa sinmi nígbà ebè, kí àgbẹ̀ kan sì máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ ìwọlé gan-an ni òun yóò wá fojú ara òun rí i. Mo wá lọ bá Bàbá Bólú, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ kó ọmọ lọ sóko.

"Bàbá, okun o. Ilé-ìwé yóò sinmi títí ẹ ó fi kọ ebè tán. Kọ́kọ́rọ́ rè é. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣí i."

Ó yí i lọ́wọ́ títí. "Tíṣà, ṣé òyìnbó ò fi nǹkan sínú oúnjẹ yín?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìwọlé, ẹ̀rù bà mí, mo jí lọ kí alábòójútó tó dé. Ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu. Ọmọ kún inú kíláàsì, erùpẹ̀ ebè ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, títí kan àwọn àbúrò Bólú méjì tí kò wọ ilé-ìwé rí. Bàbá wọn jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Tíṣà, okun o," ó ní. "Ẹ pẹ́."