Bàbá Dúpẹ́ àti Gọ́tà Tí Kò Dé Odò

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni mí. Ẹ má gbà mí nímọ̀ràn kankan lórí ohun tí mo fẹ́ kọ sínú ìwé ìsìnkú ọkọ mi. Dúpẹ́ ọmọ wa ti wá láti Hotoro, ó ní, “Mama, ki yi hakuri,” pé kí n ṣe sùúrù, pé àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba máa jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́.

Bàbá Dúpẹ́, ẹ ti lọ. Bíríkìlà tí kò mọ ògiri wíwọ́ rí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta la fi jọ gbé ní Sabon Gari, n kò rí ọjọ́ tí ẹ jáde láì fi ojú wọn ilẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé omi máa ń wọlé wa. Ìjọba ìbílẹ̀ tiwa gbẹ́ gọ́tà tirẹ̀, ó jìn. Èyí tó tẹ̀ lé wa gbẹ́ tirẹ̀, kò jìn. Omi á dé ààlà, á yíjú padà, á bá wa lórí ẹní. Tí a bá fẹjọ́ sùn, àwọn tibí á ní ti ọ̀hún ni, àwọn ti ọ̀hún á ní tibí ni. Ẹ̀yin lẹ lọ bá Malam Sani, ọ̀rẹ́ yín tó ń gbé ní ìkọjá ààlà, ẹ jọ kó àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń ṣètò ọ̀nà àti omi fún gbogbo ìlú pátá. Nígbà tí ọ̀gá ibẹ̀ wá wo ilẹ̀, ẹ gba búta tí Malam fi ń ṣe àlùwàlá, ẹ da omi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ ní, “Ọ̀gá, ẹ máa tẹ̀ lé e. Ibi tó bá ti dúró bèèrè ìjọba ìbílẹ̀, ẹ pè mí.” Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí.

Ó ní gọ́tà kan ṣoṣo ni yóò gba ìlú kọjá dé odò, àmọ́ kí a wó iwájú ilé wa kó lè ráyè gbà. Ó fọwọ́ lé àyà, ó ní, “Na yi alkawari,” òun ti ṣèlérí. Ẹ kò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe yín nìyẹn, mo sì sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní, “Ìyá Dúpẹ́, ọkùnrin tó fọwọ́ lé àyà, kí ni mo tún fẹ́ fi bébà ṣe?”

Ẹ fọwọ́ ara yín kun àmì pupa sára ilé wa. Ẹ gbé òòlù, ẹ wó fàráńdà tí ẹ kọ́ fún mi nígbà tí mo bí Dúpẹ́. Ìgbà tí àwọn aládùúgbò rí i ni wọ́n tó wó tiwọn.

Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gá náà pé ìsàlẹ̀, níbi odò, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ gọ́tà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látòkè. Wọ́n dé ààlà, wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn, wọ́n lọ. Àkókò òjò mẹ́ta ti kọjá. Àwọn tó ń pè yín ní Bàbá wá ń pè yín ní Ọ̀gbẹ́ni Fàráńdà. Wọ́n ní ẹ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Láràárọ̀ lẹ ń lọ dúró ní ààlà, ẹ ń wò bóyá wọ́n á padà wá. Òtútù tó mú yín níbẹ̀ ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ dìde mọ́.

Ọkọ mi kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, kó má jẹ oúnjẹ mi lónìí.

Ẹ sùn re o, Bàbá Dúpẹ́. Ibi gíga ni ibojì yín wà, èmi ni mo yàn án. Omi kò ní dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì tẹ́ ẹ jókòó níwájú, fàráńdà ọkọ mi wà lọ́rùn yín. Gbèsè ni. Ẹ san án. Ẹ gbẹ́ gọ́tà náà dé odò.