Ìlà Pupa Méjì Lábẹ́ Orúkọ Ìyá Onírúlà

Ó fa ìlà pupa méjì sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Àṣìṣe tó ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ńṣe ló gbàgbé láti buwọ́ lùwé, àwọn mìíràn sì ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló sọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ nù. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì. Ó buwọ́ lùwé, ìwé náà dé ibi tó ń lọ, wọ́n sì kà á dáadáa. Kíkà tí wọ́n kà á dáadáa yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi ṣiṣẹ́ ní yàrá fáìlì ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Rúlà onígi kan kì í kúrò nínú àpò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Ìyá Onírúlà. Kó tó débẹ̀, èèyàn lè fi ọ̀sẹ̀ méjì wá fáìlì kan kó má rí i. Òun ló to gbogbo rẹ̀ sí àyè, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé òfin tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn, ojú ewé mọ́kànlélógójì. Inú ìwé yẹn ló ti là á sílẹ̀ pé ìlà dúdú méjì lábẹ́ ìbuwọ́lùwé túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi nǹkan kan kún ojú ewé náà mọ́. Ìlà pupa méjì túmọ̀ sí pé ẹni tó ni fáìlì ti kú, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Nígbà tí òun náà fẹ̀yìn tì, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin lókè òkun. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, nínú ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ìyá Onírúlà ló kà á. Lọ́dọọdún, ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì máa ń fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lókè òkun, kí wọ́n lè fi jẹ́rìí pé àwọn ṣì wà láàyè.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, nǹkan funfun bí èéfín sì ti ń bo ẹyinjú ọ̀tún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bírò tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà jẹ́ ti ọmọ rẹ̀, irú èyí tó ní àwọ̀ mẹ́rin nínú, tí èèyàn máa ń tẹ orí rẹ̀ kó tó yọ èyí tó bá fẹ́. Ó fi dúdú buwọ́ lùwé. Ọmọ rẹ̀ gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó tẹ pupa, ó fi kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà sórí bébà, ó dá a padà. Ìyá Onírúlà yọ rúlà, ó fa ìlà méjì bí ìṣe rẹ̀. Lójú tirẹ̀, dúdú ló fà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì kò wọlé mọ́. Ó ní bóyá wọ́n kàn pẹ́ ni, torí ó mọ ilé iṣẹ́ náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ojú kò ṣeé fi falẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti rí i tó ń bu iyọ̀ sínú tíì, ó sì ti wọ́ ọ lọ bá dókítà ojú. Dókítà dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ó di oṣù mẹ́jọ sí i kí àyè tó tún yọ, òun ò sì lè ṣèlérí pé ojú ọ̀tún yóò ṣeé tún ṣe nígbà náà. Káàdì ìwòsàn ni wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà, káàdì ọ̀hún sì ti fẹ́ parí. Kí wọ́n tó fún un ní tuntun, ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ṣì wà lórí ìwé wọn.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì wo kọ̀ǹpútà, ó wo Ìyá Onírúlà, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó rọra bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní èdè ibẹ̀. Ọmọ kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Ìyá ní kó sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Wọ́n ní ìwé tó wá láti ilé sọ pé ẹ ti kú, Màmi."

Ìyá Onírúlà béèrè ọjọ́ tí òun kú. Obìnrin náà wò ó fún un: ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta.

"Irọ́ ni," ni Ìyá Onírúlà wí. "Ọjọ́ yẹn ni mo fọ kọ́tìnnì."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ rẹ̀ fi ń pe ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì nílé. Ẹni tó bá gbé fóònù á ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun, á fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kó fi ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́, kí àwọn lè rí ohun tí àwọn máa fagi lé. Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá Onírúlà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì pariwo. Ó ní kí wọ́n fún òun ní yàrá fáìlì. Ọkùnrin kan gbé e, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí Mama ṣe sùúrù kí òun wo kọ̀ǹpútà.

Ìyá Onírúlà ní kó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kó dìde, kó sì gbé fóònù náà dání. Kó wọ yàrá ẹ̀yìn. Kó ka pẹpẹ dé ìkọkànlá lápá ọ̀tún, kó wo ìpele kejì láti ìsàlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń ti àga, tí ilẹ̀kùn ń dún, tí bàtà ń lọ. Ìyá Onírúlà ní fáìlì òun tó ń wá náà ti ya lẹ́yìn, òun sì ti fi okùn funfun rán an lọ́dún tí òun fẹ̀yìn tì.

Bébà dún nínú fóònù. "Mo ti rí i, Mama. Okùn funfun ni."

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti fi yàrá yẹn sílẹ̀. Fáìlì tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbàá lọ́nà ogún. Mi ò mọ ohun tí èèyàn lè fi irú orí bẹ́ẹ̀ wé, nítorí náà mi ò ní fi wé nǹkan kan.

"Ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Kí ló wà lábẹ́ orúkọ mi?"

"Ìlà méjì, Mama."

"Àwọ̀ wo?"

"Pupa."

Ìyá Onírúlà wá àga, ó jókòó. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé òun ò rí i kó jókòó bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ fún ọkùnrin náà pé kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ nínú wọn, ohun tí ìwé wí ni wọ́n ṣe, òun ló fa ìlà.

Àánú ṣe ọkùnrin náà. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ jẹ́ kó pẹ́. Kí Mama kọ fọ́ọ̀mù mìíràn, òun á yọ èyí jáde, òun á ya á, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

"Ojú ewé kan ò tíì kúrò nínú fáìlì lọ́wọ́ mi rí," ni Ìyá Onírúlà wí. "Kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí tèmi."

"Màmi, ojú yín là ń sọ yìí o."

"Mo gbọ́."

"Bí ọjọ́ yẹn bá wá kọjá ńkọ́?"

Ìyá Onírúlà gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ìwé kan tó ní èèpo aláwọ̀ ewé ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wà níbẹ̀. Ó ní kó ṣí ojú ewé kejìdínlọ́gbọ̀n, kó kà á sókè. Ọkùnrin náà kà á: bó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni wọ́n fi fa ìlà pupa, ẹni tó fà á gan-an ni kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ràn án lọ́wọ́. Bó bá ti tẹ ọ̀gá yàrá lọ́wọ́, kó ṣí fáìlì náà padà lọ́jọ́ náà.

Ọkùnrin náà kà á tán. "Mama, ta ló kọ ìwé yìí?"

"Èmi ni."

Ọkùnrin náà tún kí i. Ó wá ní òun ni ọ̀gá yàrá báyìí, àti pé ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́, Mama ló kọ́ onítọ̀hún. "Ìyá àgbà mi lẹ jẹ́ nìyẹn."

"Ó dáa, ọmọ-ọmọ mi. Má ya bébà mọ́."

Bírò aláwọ̀ mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n lò. Ọmọ rẹ̀ tẹ àwọ̀ ewé fún un, kò sì jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́. Ìyá Onírúlà kò rí ojú bébà dáadáa. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìsàlẹ̀ omi tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó gbé rúlà onígi rẹ̀ lé bébà, ó ń fi ọwọ́ òsì wá etí rẹ̀, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó lé etí rúlà náà. Bó bá ti kọ ìlà kan tán, á fi ìka méjì wọn àyè, á sún rúlà wálẹ̀. Ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ láti bá a di rúlà mú.

"Kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́," ni ìyá wí, kò sì gbójú sókè.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rí wọn, ó sì dúró síbi tó wà pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní òun ò mọ ìdí tí òun ò fi lè jókòó. Ìlà mẹ́fà gba ìyá ní nǹkan bíi wákàtí kan. Mo ti rí ìwé náà. Ó tẹ́ rẹrẹ, ọ̀rọ̀ kan ò gun èkejì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àṣìṣe nínú ohun tí àwọn èèyàn kọ, mo sì wá a níbẹ̀ dáadáa. Mi ò rí ọ̀kan.

Nígbà tó buwọ́ lù ú tán, ó ní kí wọ́n tẹ dúdú fún òun. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá dúdú ni. Ó bi ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó tún bi àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ó wá fa ìlà méjì rẹ̀.

Wọ́n fi fóònù yà á, wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n sì fi bébà náà gan-an sínú lẹ́tà. Ọ̀gá yàrá ṣí fáìlì náà lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán. Lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì fi jẹ́rìí pé ó wà láàyè dé ọ̀dọ̀ àwọn oníkáàdì lọ́jọ́ kẹta sí i. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì dìde dúró kó tó na káàdì sí Ìyá Onírúlà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí dókítà dá gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó ń sọ pé ọdún kan ni wọ́n fi kà á mọ́ òkú ń ṣe àsọdùn. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́sàn-án ni.

Nígbà tí wọ́n tú ojú rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n fún òun ní àwòrán ojú ewé tí ọ̀gá yàrá fi ránṣẹ́ láti inú fáìlì. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Pupa ni lóòótọ́," ló wí.

Nígbà tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, ó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní àjà kẹta ilé náà, ó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ibùdókọ̀, fọ́ọ̀mù ọdún tuntun sì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì.