Káàdì Wà Lápò, Bọ́dúndé Kò Sí Mọ́

Bọ́dúndé atẹ̀wé ti kú. Ọ̀sán gangan ló kú, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, láàárín ilé ìwòsàn méjì, pẹ̀lú káàdì ìlera ìjọba nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nínú fọ́tò orí káàdì yẹn, ẹ̀rín ló ń rín. Ẹ má dá a lẹ́bi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà, ó gbà wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó yín, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì yín, pósítà olóṣèlú tó ṣèlérí omi fún yín, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ rí, èmi sì ni mo sọ ọ́ ní Yíǹkì. Òun náà sọ mí ní Ẹlẹ́nu Rọ́bà, ó ní ẹnu mi a máa fà, kì í já. N kì í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ kí n má tọ́ ọ níjà.

"Yíǹkì, o ò tíì kú?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú, Bàbá. Mo ti mú fọ́tò tí mo máa fi ṣe pósítà òkú yín. Èyí tí ẹ ti panu dé ni. Kò sí irú ẹ̀ méjì láyé."

Ó ní ọ̀fẹ́ lòun máa tẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo jókòó ti Munirat ìyàwó rẹ̀, tí a ń ṣa fọ́tò tirẹ̀.

Ikọ́ fée ló ń bá a jà. Ta ni yóò máa fi pẹtiróòlù fọ rólà ẹ̀rọ láti kékeré tí àyà rẹ̀ kò ní fẹjọ́ sùn? Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ dé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an ló tẹ ìwé ìpolongo wọn: obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, eyín funfun báláú, "Má fòyà, ìlera rẹ jẹ wá lógún." Ní Ṣómólú, ìwé tó bá kọ́kọ́ jáde, tí àwọ̀ kan kò tíì jókòó lé èkejì, a kì í kó o fún ẹni tó gbé iṣẹ́ wá, ara ògiri ṣọ́ọ̀bù là ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Obìnrin tó wà lára ògiri Yíǹkì ní ẹnu méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Ó yẹ ká ti fura.

Àwọn atẹ̀wé àdúgbò jọ forúkọ sílẹ̀ ni. Wọ́n ní kí kálukú mú ilé ìwòsàn kan ṣoṣo. Kọ́ládé, tó ń gé ìwé fún gbogbo wọn, ló gbà wọ́n nímọ̀ràn: "Bí ẹ̀rọ bá gé èèyàn lọ́wọ́, ibi tá a lè gbé e sáré dé ni ká mú." Wọ́n bá mú ilé ìwòsàn aládàáni tó wà lẹ́yìn títì, tí ariwo ẹ̀rọ wọn ń dé. Ọgbọ́n ni, àbí kì í ṣe ọgbọ́n?

Lọ́jọ́ ikú rẹ̀, èémí Yíǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Kọ́ládé gbé e dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó dá a padà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, a ò gba káàdì yìí mọ́. Ọ̀gá wa ti kúrò nínú ètò yẹn, ó ti pẹ́."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa!"

"Àwọn tó fún yín ní káàdì ló yẹ kó sọ fún yín, sà. Tẹ́ ẹ bá lè san owó, ká fún wọn ní ọ́síjìn."

Owó kò tó lọ́wọ́ Kọ́ládé. Wọ́n sáré dé èkejì, ní Onípanu. Wọ́n gba káàdì níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Yíǹkì kò sí lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ yí ilé ìwòsàn padà ní ọ́fíìsì ètò náà. Ẹni tí kò lè mí ni kó lọ tò sórí ìlà! Wọ́n ń padà sí ti àkọ́kọ́, Munirat ti ń yá owó bọ̀, ni fèrè àyà náà dákẹ́.

Mo lọ bá dókítà tó ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ náà. Bíbú ni mo fẹ́ bú u, ẹ sì mọ̀ pé n kì í ṣahun èébú.

"Bàbá," ó ní, "ohun tí ìjọba ń san fún wa lórí ẹnì kan kò ra oògùn ibà. Ìyẹn gan-an, wọn kì í san án lásìkò. Kí ni mo máa fi tan jẹnẹrétọ̀?"

Mo kó èébú mi padà sápò. Ẹni tó ní kí o se ọbẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, tó wá gbé iyọ̀ nìkan fún ọ, kí lo fẹ́ ṣe? Síbẹ̀, ọ́síjìn tó wà nínú sílíńdà lọ́jọ́ yẹn, ṣé ìjọba ló tì í pa?

Mo dé ọ́fíìsì ètò ìlera náà. Ọmọkùnrin kan tó so táì fún mi ní àga.

"Daddy, ó wà nísàlẹ̀ ìwé ìpolongo wa: kí kálukú máa bèèrè bóyá ilé ìwòsàn rẹ̀ ṣì wà nínú ètò. Ṣé wọn ò kà á ni?"

"Ọmọ mi, òun ló tẹ̀ ẹ́."

Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó jàre. "Ẹ ẹ̀ rí i!"

Mo rí i. Atẹ̀wé kì í ka iṣẹ́, àwọ̀ ló ń wò, bóyá pupa jókòó lé búlúù. Àmọ́ ta ló ní kí ìlérí tóbi bí orí erin, kí ìkìlọ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́? Ẹ̀yin elétò ìlera, nọ́ńbà fóònù wa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi kí wa kú ọdún Iléyá, ẹ fi kí wa kú Kérésì. Lọ́jọ́ tí ilé ìwòsàn kúrò, ṣé fóònù yín kú ni?

Pósítà Yíǹkì ti jáde. Munirat fẹ́ mú fọ́tò ti káàdì, mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. A lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin ẹlẹ́nu méjì. Káàdì tó wà lápò Kọ́ládé àti tàwọn tó kù, ilé ìwòsàn yẹn náà ló ṣì wà lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá ètò ìlera, ta ló mọ̀ pé ilé ìwòsàn yẹn ti kúrò, tó dákẹ́? Kó wá sí Bajulaiye, kó wá sọ ọ́ lójú Munirat. Kó sì mú orúkọ gbogbo ilé ìwòsàn tó ṣì ń gba káàdì dání, láti Onípanu dé Pedro, títí wọ Bàrígà. Àwọn atẹ̀wé ti fẹnu kò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, ní lẹ́tà gàdàgbà, láìsí ìkìlọ̀ kékeré nísàlẹ̀. Ìwé ti wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ ti gbóná. Orúkọ la ń retí.