Igi Ojú Fèrèsé Màmá

Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ pàtàkì ni mo fẹ́ sọ: ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Igi kì í kí onílé kó tó kí òdòdó onílé. Bó bá wọ ọgbà yín, ewé ni yóò kọ́kọ́ fi ìka méjì tẹ̀ wò, yóò mi orí, yóò ní, "Òùngbẹ ń gbẹ èyí o." Lẹ́yìn náà ni yóò tó rántí pé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ń wádìí bí igi eléso ṣe ń fara da àìrómi. Lẹ́yìn ilé tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí fún un, ó gbin igi ọsàn ní ìlà, ó fi ọ̀rá bo ilẹ̀ wọn kí òjò má baà dé ibẹ̀, ó wá ń wo bí wọ́n ṣe ń jìyà. Bí òùngbẹ bá dé, ewé a pa àwọn ihò tíntìntín tó fi ń mí dé, a ká ara rẹ̀ jọ bí ẹní. Dókítà a já ọ̀kan, a tì í bọ inú ẹ̀rọ, a fi agbára atẹ́gùn tẹ̀ ẹ́ títí omi yóò fi yọ ní ìdí ewé náà. Bó bá gba agbára púpọ̀ kí omi tó yọ, òùngbẹ pọ̀ nìyẹn, inú Dókítà a sì dùn.

"Ìkà ni ọ́," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí láti ojú fèrèsé.

"Màmá, ìwádìí ni."

"Mo gbọ́. Ìkà tó kàwé."

Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé náà. Màmá kọ̀ láti fi ṣáwà wẹ̀. Ó ní irin kankan ò ní dúró lókè máa tutọ́ sí òun lórí. Inú bàsíà ló ń dúró sí wẹ̀ bí ọmọ kékeré. Láràárọ̀, Dókítà a gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó ráyè."

Dókítà a rẹ́rìn-ín, a gbé báàgì, a bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó yá, gbogbo igi ká ewé jọ tán, àfi ọ̀kan, èyí tó wà lójú fèrèsé Màmá. Ṣe ni ewé rẹ̀ ń dán. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú ilẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, ewé nìkan ni Dókítà ń bi léèrè, ewé sì ní òun yó. Irú igi tó ti ń wá látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí, igi tó lè gba ọsàn àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dá. Ọ̀gá rẹ̀ dá ọjọ́ tí àwọn àlejò yóò wá wò ó, tí wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ igi mìíràn.

"Màmá, igi yìí ló máa gbé orúkọ mi jáde!"

Màmá wo igi, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń fò bí ọmọdé. "Igi dáadáa ni," ló sọ. "Ó máa ń gbọ́ràn."

Kí ọjọ́ àlejò tó pé, Màmá sùn lọ́sàn-án, kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà táwọn èèyàn ti lọ tán, Dókítà jáde sẹ́yìnkùlé. Igi ojú fèrèsé ti ká ewé jọ. Ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó rò pé ìbànújẹ́ ló wà ní ìka òun. Ó já ewé kan sínú ẹ̀rọ. Agbára púpọ̀ ló gbà kí omi tó yọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí etí ọ̀rá. Ike ìbomi Màmá wà níbẹ̀, pẹ̀lú pẹlẹbẹ ọṣẹ ìwẹ̀ rẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àwọn àlejò dé. "Igi ọ̀hún dà?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Kò sírú igi bẹ́ẹ̀, sà. Omi ìwẹ̀ ìyá mi ni."

Ọ̀gá wúkọ́. Ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù," ó kó àlejò rẹ̀ lọ. Wọ́n yọ igi náà kúrò nínú ìwádìí.

Igi náà ṣì wà lójú fèrèsé, ewé rẹ̀ tún ti ń dán. Bí ẹ bá kọjá lẹ́yìnkùlé yẹn láàárọ̀, ẹ óò gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣáwà ilé náà kò bàjẹ́, omi ibẹ̀ ń yọ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ bá mi wò ó: kí ni odindi onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń dúró ṣe nínú bàsíà?