Iye Tó Wà Nínú Ìwé

Èékánná ọmọ mi ni mo ń gé lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ mi pè mí. Ọwọ́ òsì ti tán, ó ku ọ̀tún. Ó ní, "Máa bọ̀ ní Ṣógúnlé kíá. Wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo ilé wa."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ọmọ bàbá tó ta ilé fún wa." Ó gé fóònù.

Ilé oníyàrá méjì ni, ó ti gbó, páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta háyà ní Òṣòdì, níbi tá a ti ń tò láàárọ̀ ká tó wẹ̀. Oṣù kejì tá a ra ilé náà nìyẹn, a ń kùn ún lọ́wọ́. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti yan yàrá tiẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá níbẹ̀, ó yẹ kí n sọ ohun témi fúnra mi ṣe.

Lọ́yà tá a lọ bá kọ gbogbo owó tá a máa san yàtọ̀ sí owó ilé sórí bébà kan: owó ìwádìí ní ọ́fíìsì ilẹ̀, ká lè mọ orúkọ ẹni tó nilé, owó òǹtẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìyọ̀ǹda ìjọba. Páńẹ́lì bítà lọkọ mi, pírámárì ló kà mọ. Èmi ni mo ka ìwé mẹ́wàá, torí náà èmi ni mo gba báírò.

Mo ní, "Lọ́yà, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye tí wọ́n máa gbà?"

"Iye tẹ́ ẹ bá kọ pé ẹ fi ra ilé ni wọ́n ń wò, madam. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni tiwọn náà máa pọ̀ tó."

"Tá a bá wá kọ ìdajì ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é. Èmi kọ́ ni mo sọ fún yín o."

Ọkọ mi ní, "Jẹ́ ká kọ iye tá a fẹ́ san gan-an." Mo ní kó dákẹ́, pé kí ló mọ̀ nípa ìwé. Níwájú lọ́yà ni mo ti sọ ọ́.

Mílíọ̀nù méjìdínlógún la ra ilé. Mẹ́sàn-án la kọ. Kí àṣírí má bàa tú, mẹ́sàn-án, ìyẹn owó ọkọ mi, la san sí àkáǹtì bàbá. Mẹ́sàn-án yòókù, inú àpò ni mo kó o sí, mo gbé e fún bàbá lówó ọwọ́, mi ò gba rìsíìtì. Owó tí ìyá mi fẹ́ fi lọ sí Mẹ́kà ni. Aṣọ ló ń tà l'Óṣòdì, àtìgbà tí mo wà nílé ìwé ló ti ń tọ́jú ẹ̀. Ní ti owó ìwádìí, mo fi báírò fa ìlà sí i lórí. Mo ní ta ni ò mọ bàbá ládùúgbò, kí la tún fẹ́ wádìí?

Nígbà tí mo dé Ṣógúnlé, bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin dúró tì í pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìyá wọn tó ti kú ló nilé, orúkọ ẹ̀ ló wà ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Bàbá ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a tà.

Obìnrin náà ní, "A ò ní jẹ yín lówó o, ìyàwó. A máa dá mílíọ̀nù mẹ́sàn-án yín padà."

"Ẹ̀gbọ́n, méjìdínlógún la san."

"Ibo ló wà?" Ó na ìwé àdéhùn wa sí mi. "Kà á sí mi létí. Wọ́n ní ìwọ lakọ̀wé ilé yín."

Àwọn àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn. Ojú mi lẹ ṣe ka owó yẹn. Ẹ tún ṣàdúrà fún ìyá mi."

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. "Iye tó wà nínú ìwé ni mo gbà."

"Ẹ fi Ọlọ́run búra, bàbá."

Àkọ́bí rẹ̀ ló dá mi lóhùn. "Nígbà tó ò ń tọwọ́ bọ̀wé pé mẹ́sàn-án ni, ṣé o búra? Dìde jàre. Ilẹ̀ tó ò ń kúnlẹ̀ sí yẹn, tiwa ni."

Mo pe lọ́yà. Ó ní, "Madam, tẹ́ ẹ bá dé kóòtù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún adájọ́ pé ẹ parọ́ fún ìjọba. Ẹ gba mẹ́sàn-án yẹn kí wọ́n tó yí ohùn padà. Ẹ má sì dárúkọ mi."

A gbà á. A padà sí Òṣòdì. Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà wa, ọkọ mi yíjú sí mi.

"Owó tó wà nínú ìwé, owó tèmi ni. Tìyá ẹ ò sí nínú ìwé."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

Mo lọ bá ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tán, ó ní, "Ṣé wọ́n nà ẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ó yẹ kí wọ́n nà ẹ́." Ó yíjú sí oníbàárà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn áńkárá fún un.

Nígbà tí mo padà délé, ọmọ mi bi mí pé ìgbà wo la máa kó lọ. Mo gbé e sórí itan mi. Mo ní a ò kó lọ mọ́, wọ́n ti gba yàrá ẹ̀. Mo ní Mọ́mì kọ irọ́ sínú ìwé, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni, ilé ti lọ, owó Ìyá Àgbà náà ti bá a lọ.

"Tó o bá fẹ́ sunkún, sunkún," mo ní. "Ṣùgbọ́n tẹ́nikẹ́ni bá bi ẹ́, má sọ pé dádì ẹ ló fà á. Sọ pé mọ́mì ẹ ni."