Orí Keje Tí Mo Fò

Lọ́dún tí wọ́n ti bodè pa, òórùn méjì ló máa ń pàdé ẹni nínú yàrá ìyá ọkọ mi ní Ìlaròó: ti òrí tí wọ́n fi ń para, àti ti àpò ìrẹsì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mò ń kó o sí. Òwò ìrẹsì ni mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì ti bodè, àwọn ọlọ́kadà ń bá mi gbé e gba inú igbó Òkè-Ọ̀dàn wọlé. Mo mọ̀ pé bí àwọn aṣọ́bodè bá tilẹ̀ tú gbogbo ilé, ojú á tì wọ́n láti gbé arúgbó kúrò lórí ibùsùn. Ẹ̀wà ni mo sọ fún màmá pé ó wà níbẹ̀. Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà.

Inú yàrá yẹn náà la ti ń ka Bíbélì láràárọ̀, orí kan lóòjọ́, nítorí ẹsẹ̀ ń dun màmá. Wọn ò mọ̀wé, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní Afọ̀n, nítorí náà èmi ni òǹkàwé. Òfin kan wà tí bàbá ọkọ mi fi lélẹ̀ kí wọ́n tó kú: ẹni tó kàwé ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí orí náà bá òun wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ti dé inú ìwé Jóṣúà, mo rí i pé orí keje, ìtàn ọkùnrin tó ri ẹrù èèwọ̀ mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀, ló kàn. Mo yára ṣí i kọjá, mo ka orí kẹjọ fún màmá àtàwọn ọmọ, mo sì ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ síléèwé, màmá pè mí padà.

“Ìyàwó mi, o fo ibì kan.”

“Màmá, bóyá ẹ gbàgbé ni.”

“Ogójì ọdún ni bàbá ọkọ ẹ fi kà á sí mi létí. Ojú mi ni kò mọ̀wé, etí mi mọ̀ ọ́n.” Wọ́n fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì. “Mo mọ̀ pé ìrẹsì ni. Mò ń jẹ nínú owó rẹ̀, mo sì ń sùn lé e lórí. Kà á, ká jọ gbọ́.”

Mo kà á. Kí n tó la ẹnu láti sọ tèmi, màmá ti ṣáájú mi. Wọ́n ní, “Èmi ló bá wí.” Ẹkún ni mo sun.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ, mo ta èyí tó wà nílẹ̀ tán kí n tó jáwọ́. Gààrí ni mò ń tà báyìí, owó rẹ̀ ò sì tó ti ìrẹsì. Ṣùgbọ́n mo ti ń kàwé fún màmá tipẹ́, tí mò ń ka ara mi sí olóore. Wọ́n ì bá fi orí yẹn nà mí lọ́jọ́ náà, ó tọ́ sí mi. Wọ́n bọ́ sábẹ́ ẹgba náà pẹ̀lú mi. Ìyẹn ló mú mi jáwọ́, kì í ṣe ẹ̀rù aṣọ́bodè.